Ìwọ̀n Mọ́nítọ̀ fún Eré Géèmù àti Iṣẹ́ Fọ́tò Lórí Tábìlì Kan ní Ikate Elegushi

Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ̀ gàdàgbà sára páálí mọ́nítọ̀, ìyẹn 24 tàbí 27 tàbí 32, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe gíga rẹ̀. Gígùn ìlà kan ni, tí ó dábùú ojú mọ́nítọ̀ náà láti igun ìsàlẹ̀ ní ọwọ́ òsì dé igun òkè ní ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n sì fi íǹṣì kà. Àṣà yìí ti wà láti ayé àwọn tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́, tí gíláàsì ojú wọn rí róbótó, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀n kan ṣoṣo láti etí dé etí tó láti júwe wọn. Nígbà tí gíláàsì náà wá di onígun mẹ́rin, àwọn oníṣòwò kò fi nọ́ńbà kan ṣoṣo náà sílẹ̀, wọ́n kàn gbé ìlà ìwọ̀n náà gba igun dé igun. Ní ayé mọ́nítọ̀ oníkùn ńlá, èyí tí wọ́n pè ní íǹṣì 17 kì í fi ju nǹkan bí 16 han ojú, nítorí pé rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ti òde òní kò purọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi pa mọ́ ṣì pọ̀ ju ohun tí ó sọ lọ. Mọ́nítọ̀ gbọọrọ tí wọ́n pè ní íǹṣì 34, tí fífẹ̀ rẹ̀ sí gíga rẹ̀ jẹ́ 21 sí 9, kò ga ju mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tí tirẹ̀ jẹ́ 16 sí 9 lọ, nítorí pé gíga àwọn méjèèjì kò kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34. Ẹni tí ó bá ń fi íǹṣì méje tí ó lé yẹn yangàn, fífẹ̀ nìkan ni ó ń fi yangàn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ní ojú tirẹ̀ ní Ikate Elegushi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti há láàárín ọ̀sà ní àríwá àti òkun ní gúúsù, tí owó ilé sì mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ máa gbé nínú yàrá-àti-pálọ̀ tàbí yàrá kan ṣoṣo tí ó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, tábìlì tí onífọ́tò fi ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé ṣe ní ọ̀sán náà ni ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù lálẹ́, ẹ̀yìn tábìlì náà a sì jẹ́ ògiri, ẹ̀yìn àga a sì jẹ́ ibùsùn. Iṣẹ́ àwòrán kò ṣàjèjì sí àdúgbò náà rárá: Nike Art Gallery ti Olóyè Nike Okundaye wà ní ojú ọ̀nà Elegushi, pẹ̀lú àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà lóríṣiríṣi tí ó kún ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, etí òkun Elegushi kò sì jìnnà síbẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì tí ohun tí wọ́n ń béèrè kò dọ́gba, nítorí pé géèmù fẹ́ kí gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ wà lójú kan kí ó sì yára, nígbà tí fọ́tò fẹ́ kí ohun tí ó kéré jù lọ hàn kedere kí àwọ̀ rẹ̀ má sì tan ẹni jẹ.

Ibi tí ó yẹ kí wíwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ẹni tí yóò jókòó, kì í ṣe ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. OSHA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, dábàá pé kí ojú jìnnà sí mọ́nítọ̀ ní íǹṣì 20 sí 40, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 50 sí 100 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí orí mọ́nítọ̀ náà sì bá ojú ẹni dọ́gba tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Tábìlì kékeré tí káfíńtà kàn fún yàrá kékeré kì í sábà jìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ a sì tún jẹ nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ojú ẹni tí ó fẹ̀yìn ti àga díẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 sí i lọ. Ní sẹ̀ǹtímítà 60 yìí, mọ́nítọ̀ íǹṣì 24, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53, gba nǹkan bí dígírì 48 nínú ohun tí ojú ń rí níwájú. Íǹṣì 27, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, gba dígírì 53. Íǹṣì 32, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 71, gba dígírì 61, ọrùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kí ojú tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá jìn tó tí ojú fi wà ní sẹ̀ǹtímítà 80, íǹṣì 32 kan náà yóò padà sí dígírì 48, ìyẹn ni pé fún ojú, kò tóbi ju íǹṣì 24 tí ó wà ní 60 lọ. Ẹni tí ó ra mọ́nítọ̀ ńlá tí ó sì ní láti fa àga sẹ́yìn kí ó tó rí gbogbo rẹ̀ ti san owó fún ohun tí àga fúnra rẹ̀ ti gbà padà. Irin apá tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì tàbí ògiri, tí yóò gbé mọ́nítọ̀ dúró láìsí ẹsẹ̀, lè dá sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ padà fún tábìlì tí ó há. Ó yẹ kí olùrà wò bóyá ihò mẹ́rin tí wọ́n ń fi de irú irin bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ tí ó fẹ́ rà, nítorí pé àwọn kan kò ní in.

Lẹ́yìn jíjìnnà ni ọ̀rọ̀ píksẹ́lì, tí í ṣe àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tín tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sójú mọ́nítọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé àwọ̀ kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo wọn papọ̀ sì ń di àwòrán. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD, tí ó ní píksẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Ìkejì ni QHD, tí ó jẹ́ 2560 ní ìbú àti 1440 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ìkẹta ni 4K, tí ó jẹ́ 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, tí ó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD géérégé. Bí wọ́n bá na iye píksẹ́lì kan náà sórí mọ́nítọ̀ tí ó tóbi jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò tóbi sí i, lẹ́tà yóò máa rí gbánnágbánná létí, irun orí nínú fọ́tò yóò sì máa dà bí àtẹ̀gùn. Full HD lórí íǹṣì 24 ní píksẹ́lì 92 nínú íǹṣì kan. Lórí íǹṣì 27, ó já wálẹ̀ sí 82. QHD lórí íǹṣì 27 ní 109, 4K lórí íǹṣì 27 ní 163, 4K lórí íǹṣì 32 sì ní nǹkan bí 138. Ojú tí kò ní àbùkù lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta ti dígírì kan, ìṣirò rẹ̀ sì ni pé ẹni tí ń wo Full HD lórí íǹṣì 24 ní láti jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 95 kí píksẹ́lì tó pòórá mọ́ ọn lójú, ti QHD lórí íǹṣì 27 jẹ́ 80, ti 4K lórí íǹṣì 32 jẹ́ 63, ti 4K lórí íǹṣì 27 sì jẹ́ 54. Ohun tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni Full HD lórí íǹṣì 27, òun gan-an sì ni àwọn ọlọ́jà máa ń fi owó pọ́ọ́kú fa ojú olùrà sí, nítorí pé nọ́ńbà ńlá wà lára páálí rẹ̀.

Ohun tí eré géèmù ń béèrè kò ṣòro láti sọ. Iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi hẹ́tísì kà, tí wọ́n ń kọ ní Hz: mọ́nítọ̀ 60 Hz ń pààrọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀kan láàárín ìdá ẹgbẹ̀rún 16.7 ti ìṣẹ́jú àáyá, ti 144 Hz ń ṣe é láàárín 6.9, ti 240 Hz ń ṣe é láàárín 4.2, bí àwòrán bá sì ti ń yára pààrọ̀ tó ni ọ̀tá tí ó yọ lójijì nínú géèmù ìbọn yóò ṣe tètè hàn tó. Àwọn tí ń fi Counter-Strike díje fún owó kì í wá mọ́nítọ̀ ńlá. Íǹṣì 24 sí 25 ni ó wọ́pọ̀ lórí tábìlì ìdíje wọn, nítorí pé ojú lè gbá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú láìyí ọrùn. Géèmù bọ́ọ̀lù bíi EA Sports FC, tí ó jẹ́ àyànfẹ́ ní Èkó, rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́nítọ̀ tí ó tóbi díẹ̀ sì ń mú pápá náà dùn ún wò. Ẹni tí ó bá ń lo PlayStation 5, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kì í gbé ju àwòrán 120 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ọdún 2022 ni wọ́n tó fi ìwọ̀n 1440 kún ohun tí ó lè gbé jáde. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfikún owó lórí 240 Hz kò ní èrè kankan.

Ti fọ́tò ni ó ní ìtàn gígùn. Kámẹ́rà tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ìgbéyàwó ń lò ń ya fọ́tò tí ó ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, ìyẹn 6000 ní ìbú àti 4000 ní òró. Nígbà tí onífọ́tò bá fẹ́ yẹ fọ́tò náà wò ní ìwọ̀n píksẹ́lì-sí-píksẹ́lì, kí ó lè mọ̀ bóyá ìpéǹpéjú ìyàwó mú tàbí kò mú, Full HD kò lè fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ hàn án lẹ́ẹ̀kan, QHD fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú méje hàn, 4K sì fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́tò ìyàwó àti ọkọ tí wọ́n dúró pẹ̀lú aṣọ-òkè àti gèlè sábà máa ń ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé gíga mọ́nítọ̀ ni ó ń pinnu bí yóò ti tóbi tó: irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lórí íǹṣì 24, ó lè tó 34 lórí íǹṣì 27, ó sì lè tó 40 lórí íǹṣì 32, kí wọ́n tó yọ àyè tí irinṣẹ́ inú ètò kọ̀ǹpútà náà gbà lókè àti nísàlẹ̀. Mọ́nítọ̀ gbọọrọ íǹṣì 34 kò ràn án lọ́wọ́ níhìn-ín. Èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ tún burú sí i, nítorí pé kò jẹ́ kí onífọ́tò mọ̀ bóyá òpó ilé tàbí tábìlì àsè gún tàbí kò gún.

Ìwọ̀n tún kan àwọ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í fura sí. Bí mọ́nítọ̀ bá ti tóbi tó lórí tábìlì tí ó há ni ojú yóò ṣe máa wo orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó, kì í sì í ṣe gbogbo oríṣi gíláàsì ni àwọ̀ rẹ̀ ń dúró bákan náà bí wọ́n bá wò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Oríṣi TN, tí ó pọ̀ nínú mọ́nítọ̀ géèmù àtijọ́ nítorí pé ó yára tí kò sì wọ́n, máa ń ṣókùnkùn lápá kan kí ó sì ràn lápá kejì lójú ẹni kan náà tí kò kúrò lórí àga. Oríṣi VA ń gbé dúdú tí ó jinlẹ̀ jáde bí wọ́n bá wò ó lọ́gangan, ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ tí ó sún mọ́ dúdú a máa ràn sí funfun ní igun rẹ̀. Níbi tí awọ ara ènìyàn bá ti dúdú mínijọ̀jọ̀ tí fìlà rẹ̀ sì tún dúdú, inú àwọn àwọ̀ tí ó sún mọ́ dúdú gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà: òjìji abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ilà ojú, ìṣẹ́po aṣọ. Àdìrẹ aláró ń fa irú wàhálà kan náà, nítorí pé aró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta sún mọ́ dúdú débi pé mọ́nítọ̀ tí kò dára yóò sọ aṣọ ọlọ́nà di àkísà dúdú kan tí kò ní ọnà lára. Oríṣi IPS ni ó yẹ irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí wọ́n bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀pọ̀ IPS ti òde òní sì ti yára tó fún géèmù. OLED, tí píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, dára jù ú lọ fún dúdú àti fún ìyára, àmọ́ ohun tí kì í kúrò lójú kan, bí àwọn irinṣẹ́ tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ní gbogbo ọjọ́, lè fi àmì tí kò ní parẹ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, owó rẹ̀ sì tún ga.

Ní ti iye àwọ̀ tí mọ́nítọ̀ lè gbé jáde, òṣùwọ̀n sRGB, tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, ni íńtánẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ fóònù ń lò. Oníbàárà ìgbéyàwó yóò gba fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò sì ti wò ó. Nítorí náà mọ́nítọ̀ tí ó bá kó gbogbo sRGB já, tàbí tí ó ku díẹ̀ kín-ún, ti tó. Àfikún owó lórí Adobe RGB ti 1998, tí ó gba àwọ̀ ewé àti àwọ̀ omi òkun jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọ́ sí ẹni tí ń ya iṣẹ́ ọnà fún ìwé àtẹ̀jáde nìkan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún mọ́nítọ̀ náà ṣe kí àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, nípa ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń gbé lé ojú rẹ̀, tí yóò darí funfun rẹ̀ sí 6500 ní ìwọ̀n kẹ́lífìn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí kándẹ́là 120 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Ìmọ́lẹ̀ yìí kéré sí ti oòrùn tí ń gba ojú fèrèsé wọlé ní Ikate, nítorí náà fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú kọ́tìnnì, kì í ṣe ní ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó, níbi tí gíláàsì yóò ti dà á padà sí i lójú.

Bí wọ́n bá gbé gbogbo èyí lé orí tábìlì ẹsẹ̀ bàtà méjì náà, ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé ni íǹṣì 27, oríṣi IPS, QHD, tí ó tó 144 Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí fọ́tò jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ tí géèmù sì jẹ́ fàájì lásán lè mú 4K lórí íǹṣì 27, kí ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó sọ lẹ́tà di ìlọ́po kan àti ààbọ̀ kí ó tó lè kà á. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80 lè mú 4K lórí íǹṣì 32, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Íǹṣì 24 Full HD kì í ṣe ohun ìtìjú: ó bá ẹni tí ń fi géèmù ìbọn díje mu jù gbogbo ìyókù lọ.

Owó iná tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe ní ọ̀nà tí ènìyàn rò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tí ń mójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí ó yẹ kí iná wọn pẹ́ jù lọ lójoojúmọ́, sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Lórí ìṣirò yẹn, mọ́nítọ̀ íǹṣì 24 tí ń fa nǹkan bí wáàtì 20 yóò jẹ náírà 45 láàárín wákàtí mẹ́wàá, íǹṣì 32 tí ń fa 45 yóò sì jẹ nǹkan bí 101. Ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Ohun tí ń jẹ iná ni káàdì tí ń ya àwòrán inú kọ̀ǹpútà, nítorí pé Full HD ní 60 Hz ń béèrè píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 124 lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, QHD ní 144 Hz ń béèrè nǹkan bí mílíọ̀nù 531, 4K ní 144 Hz sì ń béèrè iye tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ. Ìyàtọ̀ náà tún hàn bí iná bá lọ. Bátìrì ìnfátà kan tí ó jẹ́ fóòtì 12 àti 220 ní ampere-wákàtí, tí kò bá jẹ́ ti lítíọ́mù, ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n máa lò kí ó lè pẹ́, ìyẹn nǹkan bí wáàtì-wákàtí 1320. Kọ̀ǹpútà géèmù àti mọ́nítọ̀ tí ń fa wáàtì 400 yóò lò ó tán láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, nígbà tí títún fọ́tò ṣe tí ń fa 120 yóò lò ó fún bíi wákàtí mọ́kànlá, láìtíì ka ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tí ó ra mọ́nítọ̀ 4K láti fi gbá géèmù nígbà tí kò bá sí iná ti ra jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn láìmọ̀.

Mọ́nítọ̀ tọ́kùnbọ̀ pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn tí ó jẹ́ ti ọ́fíìsì òkè òkun láàárín wọn sì máa ń jẹ́ IPS tí ó dára fún fọ́tò, bí wọn kò tilẹ̀ sábà kọjá 60 Hz. Kí olùrà gbé flash lọ, tí ojú ewé dúdú, funfun, eérú àti pupa lásán wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò kan tí ó mọ̀ dunjú. Kí ó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ojú mọ́nítọ̀, kí ó wá píksẹ́lì tí ó ti kú, tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ dúdú tàbí aláwọ̀ kan tí kì í yí padà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tún dìde láti wò bóyá àwọ̀ fọ́tò náà ń sá. Kí ó wo ihò wáyà lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, nítorí pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun yóò tètè parí ohun tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó béèrè irú HDMI tí ó wà níbẹ̀: HDMI 1.4 kò lè gbé 4K kọjá 30 Hz, 2.0 gbé e dé 60, 2.1 sì gbé e dé 120. Lẹ́yìn náà, kí ó yọ téèpù jáde, kí ó wọn ẹsẹ̀ mọ́nítọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n tábìlì tí ó ti kọ sínú fóònù rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.